“Ma” Tí Màmá Mi Kò Fi Àmì Sí

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin Màmá mi àgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Bí mo bá fi í sí ìparí, mo mọ ara mi, mi ò ní débẹ̀. Mo pa iṣẹ́ ọdún mẹ́rin rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ kí Màmá ru ẹ̀bi rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Gbogbo àdúgbò wa ní Ìdí-Àràbà ló gbà pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan tí Màmá kọ láìfi àmì ohùn sí ló fa wàhálà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wọlé sórí fóònù mi, mo ti pa iṣẹ́ náà rẹ́ tán. Mo dà bí ẹni tó jẹ ẹran inú ìkòkò tán, tó nu ẹnu, tó wá ń béèrè pé, “Ṣé kí n bu díẹ̀?”

Ọmọ dáadáa ni mí, àbí ẹ ò rí i?

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n Èkó ló gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú èébú wọn. Wọ́n ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà méjì sí pálọ̀ ilé wa, wọ́n ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tẹ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àṣekágbá. Ẹ̀yin náà mọ bí dókítà ṣe ń kọ̀wé. Màmá á gbé ìwé náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á bi ẹni tó ni ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Dókítà, ṣé inú ọkọ̀ lẹ ti kọ eléyìí, àbí ọkọ̀ ló kọ ọ́?”

Kò sẹ́ni tó kọ́ Màmá ní àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Ìyà àwọn tó ń tún un ṣe ló kọ́ wọn. Ọ̀kan wá láti Sábó nígbà tí kọ̀ǹpútà kan kọ̀ tí kò tàn mọ́. Ó wò ó, ó mi orí bí ẹni tó wá kí olókùú, ó ní bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀ ti lọ. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé e dé pẹ̀lú bọ́ọ̀dù mìíràn tó dàgbà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀rọ ti tún kú. Màmá ní kó dúró. Wọ́n gba sukurudiráfà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣí i fúnra wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé. Wáyà tó ń gbé iná wọ inú bọ́ọ̀dù ló dẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò tì í, ẹ̀rọ tàn. Wọ́n jókòó, wọ́n wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ọmọ mi, bàtà ló ń fún aláìsàn lẹ́sẹ̀,” ni wọ́n wí, “ìwọ wá lọ pààrọ̀ ọkàn rẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ Màmá, àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá. Màmá kì í kọ́kọ́ ṣí nǹkan kan. Òfin wọn àkọ́kọ́ nìyẹn: ìbéèrè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé olè wọlé. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ariwo wo ló ń pa? Ta ló lò ó kẹ́yìn? Ẹni tó bá dáhùn pé “Èmi ò ṣe nǹkan kan o” lẹ́ẹ̀mẹta, Màmá á rọra gbé àga sún mọ́ ọn.

Bọ̀ọ̀dá Gbadé, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Surùlérè, kì í fẹ́ ìbéèrè. Oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo àìsàn: “Ẹ ra tuntun.” Nígbà tí kọ̀ǹpútà ilé wọn ń gbóná tó sì ń pa ara rẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, wọ́n ti fẹ́ jáde lọ ra òmíràn kí èmi àti Màmá tó dé. Màmá tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Eruku ti di ojú fáànù pa, ó nípọn bí ẹní. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà gbá a jáde, fáànù tún ń yí, ara ẹ̀rọ tutù.

“Màmá, ó ṣì yẹ kí n ra tuntun náà ni,” Bọ̀ọ̀dá Gbadé wí.

“Gbadé, bí wọ́n bá di ihò imú rẹ báyìí,” Màmá dá wọn lóhùn, “ṣé wọ́n á ra Gbadé tuntun ni?”

Èmi náà kò yọ nínú èébú wọn o. Mo ti lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ní Múṣín lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá mi, mo sì padà wálé pẹ̀lú ìgbéraga ẹni tó lo ọdún mẹ́ta. Ẹnjiníà ni Màmá ń pè mí. Mo rò pé oyè ni. Lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà kan kọ̀ tí kò tàn, ó kàn ń ké “pí, pí, pí”. Mo gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Màmá dìde.

“Ẹnjiníà, kí ló ń sọ?”

“Ariwo ni, Màmá.”

“Ohùn àárín nìkan ni Ọlọ́run fún un, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. ‘E-gba-mi’ ló ń pè. Ẹni tó lórí á gbọ́ ‘ẹ gbà mí’. Ìwọ gbọ́ ‘ẹ gbá mi’.”

Wọ́n yọ mẹ́mọ́rì inú rẹ̀, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò gùn ju ìka lọ. Wọ́n fi kílínà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu eyín rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, wọ́n dá a padà. Ẹ̀rọ tàn, ó dákẹ́. Mo kó ọwọ́ tí mo fi gbá a pamọ́ sẹ́yìn.

Òfin wọn kejì ni pé ohun kan ṣoṣo lẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá pààrọ̀ méjì pọ̀ tí ara ẹ̀rọ sì yá, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn. Agolo bisikíìtì kan wà lórí àpótí aṣọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ara ẹ̀rọ sí, wọ́n á wé e nínú bébà, wọ́n á kọ “ÈYÍ DÁRA” sára òmíràn, “ÈYÍ KÚ” sára òmíràn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi òkú ṣe. Ìgbà tí a jọ lọ ra mẹ́mọ́rì ní Sábó ni mo tó rí ìdáhùn. Wọ́n gbé òkú náà jáde nínú báàgì, wọ́n tẹ́ ẹ sórí káńtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ fẹ́ tà, wọ́n ń fi wọ́n wé ara wọn.

“Màmá, tuntun ni o,” ọmọ náà ń búra. “Inú páálí ló ti ń bọ̀ báyìí báyìí.”

“Tuntun?” Màmá gbé e súnmọ́ ojú. “Wo ìlà mẹ́ta lára eyín rẹ̀. Ọmọ tuntun kì í bá ìlà wá láti inú ìyá rẹ̀. Ìlú wo ni wọ́n ti kọ ọ́ nílà?”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn wá láti ẹ̀yìn ilé.

Àmì ohùn ni ìjà wọn tó gùn jù. Ẹ̀yin ẹ kọ lẹ́tà sí Màmá láìfi àmì sí i, wọ́n á dá a padà fún yín bí ìwé ìdánwò, pẹ̀lú yíǹkì pupa. Ìyá mi gan-an gba irú rẹ̀ rí, lẹ́tà ọjọ́ ìbí ni. Gbólóhùn kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀: “Ọ̀rọ̀ tí o kò fi àmì sí, ọ̀tá rẹ ló máa bá ọ kà á.”

Ìdí rẹ̀ nìyí tí Àǹtí Mojí fi rọ̀ mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ni Àǹtí Mojí, ilé kejì sí wa ni wọ́n ń gbé, ọjọ́ tí wọn ò bá sí níbi iṣẹ́, wọ́n máa ń lọ bá àwọn aláboyún sọ̀rọ̀ ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní Ìwáyà. Ẹnì kan ti lẹ bébà mọ́ ògiri ibẹ̀ rí nípa oògùn kan tí kò dára fún aláboyún: “Ma lo o.” Obìnrin kan dúró níwájú rẹ̀, ó rọra kà á, ó sì gbọ́ “Máa lò ó.” Ó lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Orí ló yọ òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí Mojí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé kékeré kan ní Yorùbá fún àwọn aláboyún, gbogbo ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Wọ́n á fi gègé kọ ọ́ láìsí àmì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn, wọ́n á wá gbé ìbéèrè tọ Màmá wá, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Ọdún mẹ́rin ni. Ó ti kù díẹ̀ kó parí.

Kọ̀ǹpútà yẹn náà ni wọ́n gbé wá sí pálọ̀ wa. Ó ń kú, ó ń jí, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa tún ṣe é. Aago inú rẹ̀ sì ti ya wèrè. Ìgbàkigbà tí a bá tàn án, ọdún tí wọn ò tíì bí mi ló ń sọ pé a wà.

“Ẹ ò rí i,” Màmá wí, “ó mọ ìgbà tí ayé ṣì dùn.”

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pààrọ̀ bátìrì aago náà, èyí tó rí roboto bí owó ẹyọ, wọ́n tún aago rẹ̀ tò mọ́ ti rédíò. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n fi kílínà nu mẹ́mọ́rì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Sábó lọ wá mẹ́mọ́rì mìíràn.

“Ẹnjiníà, má fọwọ́ kàn án o.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí mi ò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n èmi Ẹnjiníà ti mọ àìsàn náà láti orí àga: inú rẹ̀ ló dọ̀tí, kí a pa gbogbo nǹkan rẹ́, kí a tò ó sí i lọ́tun, bí a ti ń ṣe fóònù ní Múṣín. Mo fẹ́ kí Màmá wọlé kí wọ́n bá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì pè mí ní Ẹnjiníà láìrẹ́rìn-ín. Mi ò béèrè bóyá ẹ̀dà kankan wà. Mo pa á rẹ́, mo tò ó. Ẹ̀rọ tàn, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo jó díẹ̀ ní pálọ̀. Kí n tó jókòó, ó kú bó ṣe máa ń kú.

Ẹ̀rù wá mú mi wàyí. Mo mú fóònù, mo kọ̀wé sí Màmá bí ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan: ṣé kí n pa ohun inú rẹ̀ rẹ́? Màmá ní fóònù kékeré kan tí kò mọ àmì ohùn, ọ̀nà ni wọ́n wà, oòrùn ń pa wọ́n. Èsì wọn wọlé:

“Ma pa a re o. Mo n bo.”

Ẹni tó bá mọ Màmá, “Má pa á rẹ́ o” ló máa kà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́, ó lè kà á sí “Máa pa á rẹ́ o.” Èmi fẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé, mo gbé fóònù sókè kí wọ́n tó bọ́ bàtà. Mo ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa pa á rẹ́.” Wọ́n fi mẹ́mọ́rì tí wọ́n rà sí i, ẹ̀rọ tàn, kò sì tún kú mọ́, ó ń ṣiṣẹ́ bí ọmọ gidi, òfìfo ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n tẹ bọ́tìnì bíi mélòó kan, wọ́n wo aago tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ fún fáìlì àkọ́kọ́ tí mo tò sí i: aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n mú fóònù wọn, wọ́n wo aago àtẹ̀jíṣẹ́ tèmi: aago méjìlá kọjá. Wọ́n wá wo ojú mi.

“Bátìrì tuntun ni mo fi sí i lánàá,” ni wọ́n wí.

Mo ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ bátìrì la ń sọ.

Wọ́n gbé díìsìkì tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń wá ohun tó sọnù nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà rí àkọlé bíi mélòó kan mú jáde, kò rí ohun tó wà lábẹ́ wọn. “Ó kó orúkọ wá,” Màmá wí, “kò kó ọmọ wá.” Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Mojí. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń dúró de orúkọ mi.

“Mojí, jókòó. Èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Mo kọ ‘má’ sí ọmọ yìí, mi ò fi àmì sí i.”

“Ẹ̀yin, Màmá?” Àǹtí Mojí rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi yíǹkì pupa lé wa kiri?”

“Èmi.”

Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu Àǹtí Mojí. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n ń sọ pé, “Ọdún mẹ́rin. Màmá, ọdún mẹ́rin.” Gbogbo ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju kí n ká kọ́tìnnì yẹn sókè. Kọ́tìnnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Apá mi ò ká a.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọ dókítà ń gbé iṣẹ́ wá, wọ́n á ní, “Màmá, ẹ bá wa fi àmì sí i o!” wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí èébú kan kọjá lórí rẹ̀ láìsan án padà, ó wá di “Mo ti gbọ́, ọmọ mi.” Mo máa ń jókòó síbẹ̀. Mo tún máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà míì, kó má bàa jọ nǹkan.

Màmá gba gbogbo ìwé àfọwọ́kọ Àǹtí Mojí, wọ́n ní àwọn á tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àmì. Ojú ìwé méjìlélọ́gọ́ta. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, kí oníbàárà tó dé, èmi á máa kà á, àwọn á máa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé nǹkan bí ojú ìwé ogún, mo gbé ìwé náà sílẹ̀.

“Màmá, ọjọ́ yẹn...”

“Wo ojú ẹ̀rọ, ṣé àmì ìsàlẹ̀ ni mo fi sórí ‘lò’ yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ó dáa. Máa kà á lọ.”

Àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tiwọn náà ké pí-pí-pí. Wọ́n yọ mẹ́mọ́rì rẹ̀, wọ́n ń fi kílínà nù ún díẹ̀díẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a jù ú nù, kí a fi èyí tó dára nínú agolo sí i. Wọn ò gbójú sókè.

“Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣìṣe là ń pààrọ̀,” wọ́n wí. “Òmíràn wà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á dá a padà sáàyè rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó tàn.”

Wọ́n dé ojú ìwé kẹtàléláàádọ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń dà wọ́n láàmú tipẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn sinmi díẹ̀ lórí àga níwájú ẹ̀rọ, wọn ò sì tún dìde. Níbi ìsìnkú, Bọ̀ọ̀dá Gbadé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n ní, “Màmá wa ò ṣe àṣìṣe rí láyé, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, lẹ́tà méjì péré!” Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àǹtí Mojí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Tèmi ló ròkè jù.

Ojú ìwé mẹ́sàn-án ló kù. Mo ti ń fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà, mo ti tẹ méje. Àǹtí Mojí máa ń yọjú lójú fèrèsé tí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. “Lékan, o kú iṣẹ́ o. Inú Màmá á máa dùn sí ọ lọ́run.” Mo máa ń ní, “Àmín, Àǹtí.” Ẹnu mi ti mọ ọ́n bí orin.

Bí mo bá tẹ méjì tó kù tán, wọ́n á rò pé kò sí gbèsè mọ́ láàárín wa. Ó wà. Gbólóhùn kan ni. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí lórí ojú ìwé tirẹ̀, mo sì yẹ gbogbo àmì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ọ̀tá má bàa bá mi kà á:

“Àǹtí Mojí, mo ti pa á rẹ́ kí Màmá tó ní kí n má pa á rẹ́.”

Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni ilé wọn sí tiwa. Mi ò tíì gbé e lọ.